Bí Gbólóhùn Ṣe Ń Kí Onílé

"Padà síta, kí o tún wọlé."

Ìyá àgbà tó sọ̀rọ̀ yìí kò gbójú sókè. Ó ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta, èèpo rẹ̀ ń dún pá, pá lábẹ́ èékánná rẹ̀. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Iṣẹ́ tíṣà ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, òórùn àdín tó fi ń pa orúnkún sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo.

Àròkọ Gẹ̀ẹ́sì kan nípa ọjọ́ tí omi òjò ya wọ ilé wa ni mo mú lọ bá a. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú ní kíláàsì wa láti ka tirẹ̀ sétí àwọn òbí lọ́jọ́ ìparí ọdún, ó sì ti ku èmi àti ẹnìkan. Tíṣà wa ní kí n lọ tún tèmi kọ wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi.

Mo tún wọlé. "Ẹ káàsán, mà."

"Ìyẹn ò burú, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò bá mu. Kí ni mò ń ṣe?"

"Ẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí, mà. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Jókòó."

Ó gba ìwé náà, ó sì ń ka ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sókè. Àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá tí mo há sórí ni mo tò síbẹ̀. "Moreover", òjò bẹ̀rẹ̀. "Furthermore", omi gbé bàtà mi lọ. "Moreover", màmá mi rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà nù.

"O bá mi nídìí ẹ̀gúsí, o ní ẹ kú ìnáwó! Ìnáwó wo? Ta ló ń ṣègbéyàwó?"

Ó nu ojú. "Wo ohun tí ọ̀rọ̀ ń ṣe lọ́wọ́ kí o tó kí i. Ìgbà wo lomi wọlé yín?"

"Kí ilẹ̀ tó mọ́, mà."

"Ibẹ̀ ni kí o gbà wọlé."

Mo kọ "Before dawn". Bàtà náà tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ̀rù ti bà mí, mo fẹ́ wá ọ̀rọ̀ ńlá mìíràn, ló bá dá mi dúró. "Kọ 'I' síbẹ̀. Ìwọ lonílé níbẹ̀ yẹn, ta lo fẹ́ kí?"

Èmi ni wọ́n mú. N kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló fà á. Ó lè jẹ́ pé ti ẹnìkejì gùn jù. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á, mo rí ìyá náà láàárín àwọn òbí, ètè rẹ̀ ń bá tèmi lọ.

Mo ti jáde yunifásítì báyìí, mo ń wá iṣẹ́. Láàárọ̀ yìí, nínú yàrá mi ní Yábà, mo rí i pé "I" ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo gbólóhùn inú lẹ́tà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo kọ́kọ́ bi ara mi pé iṣẹ́ wo ló wà lọ́wọ́ ẹni tó máa kà á, kí ló sì ń dà á láàmú. Ibẹ̀ ni mo ti tún un bẹ̀rẹ̀. "I" kan ṣoṣo ni mo dá padà, níbi tí mo ti sọ ohun tí mo lè ṣe.

N kò mọ̀ bóyá wọ́n á dáhùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò já wọlé onílé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wo ohun tí wọ́n ń ṣe, mo sì kí wọn.