Wọ́n Ní Ẹnu Mi Ló Fọ́ Mi Lójú

Ìlú ti dá mi lẹ́jọ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n ní ẹnu mi ló fọ́ mi lójú.

Epo pupa ni mo ń tà ní Ìdànrè. Etí odò Ọ̀wẹnà ni mo ti ń rà á, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn nínú kòtò, tí wọ́n ń fi omi odò fọ epo rẹ̀. Ẹni tí kò bá lajú níbẹ̀, omi ni yóò rù délé. Èmi máa ń ki ìka bọ garawa, mo máa ń fi epo náà pa àtẹ́lẹwọ́, mo máa ń tọ́ ọ wò, lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún olóhun, kì í sì í ṣe ní ohùn jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan láti Àtòsìn gbé garawa tirẹ̀ síwájú mi. Mo tọ́ ọ wò. Mo ní, "Ìyá, epo yín yìí, ẹja lè bímọ nínú ẹ̀."

Gbogbo etí odò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí títí, ó ní, "Ojú rẹ mà mú o, ọmọ yìí." Ó gbé epo rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ojú ọ̀hún ti ń ṣe mí kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ó ń pọ́n, ó ń ṣomi. Ara ń yún mi bíi pé mo ti yí nínú wèrèpè, awọ ojúgun mi ti di funfun níbìkan, dúdú níbìkan, kókó kan sì jókòó sí ìbàdí mi bí ẹni tó wá ṣàlejò tó gbàgbé ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ọ̀tún lọ, tí ti òsì tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó rántí ìyẹn. "Ojú rẹ mà mú o" ni gbogbo wọn rántí. Wọ́n ní èpè ni.

Ọkọ mi, àgbẹ̀ oníkòkó, èèyàn jẹ́jẹ́ tí ẹ̀rù ayé máa ń bà, mú mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì ìjọ wa. Wòlíì ní ohun méjì ni mo máa ṣe. Àkọ́kọ́, kí n máa lọ wẹ̀ nínú omi tó ń ṣàn ní àràárọ̀, pẹ̀lú àbẹ́là àti orin. Ìkejì, lọ́jọ́ ìkórè ìjọ, kí n kúnlẹ̀ fún ìyá yẹn lójú gbogbo ènìyàn, kí n jẹ́wọ́ pé mo bú u, kí ó lè tú ojú mi sílẹ̀.

Mo wẹ̀. Ọ̀wẹnà yìí náà ni ọkọ mi ń fà mí lọ́wọ́ lọ. Bí mo ṣe ń kọrin ni àwọn eṣinṣin kéékèèké ń jẹ mí, tí wọ́n ń jẹ òun náà.

Ìkúnlẹ̀ ni mo kọ̀.

"Bàbáa wọn, kí ni mo fẹ́ tọrọ ìdáríjì fún? Ṣé omi kò sí nínú epo yẹn ni?"

"Ìyáa wọn, fi ti epo sílẹ̀. Ojú là ń wá."

"Tí mo bá kúnlẹ̀, tí ojú kò là ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé o kò kúnlẹ̀ dáadáa."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú tí kò wúlò fún nǹkan mìíràn mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Àwọn àgbà ilé ọkọ mi ti sọ ọ́ pé tí n kò bá kúnlẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, kí n kẹ́rù mi padà sílé bàbá mi, kí èpè náà má baà ràn mọ́ àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ tí mo bí!

Ìgbà náà ni rédíò ń pariwo pé ìwòsàn ti di ọ̀fẹ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ wa. Mo sọ fún ọkọ mi pé, "Wòlíì ti sọ tirẹ̀. Gbé mi lọ Àkúrẹ́, kí n gbọ́ ti ẹlòmíràn." Ó gbé mi lọ.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan gé awọ bíńtín ní ìbàdí mi, wọ́n fi í sínú omi, wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó. Obìnrin náà pe dókítà, àwọn méjèèjì sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi.

"Màmá, aràn ló wà nínú awọ yín. Wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn."

"Ìyẹn kò yọ mí lẹ́nu," ni mo fèsì. "Ojú tèmi kò rí èyí tó tóbi pàápàá."

Ó ní eṣinṣin dúdú kékeré kan wà tó máa ń yé ẹyin sínú odò tó ń sáré láàárín àpáta. Tó bá ti ń jẹ ènìyàn, ó ń gbin aràn náà sí i lára nìyẹn. Àwọn aràn á bímọ, àwọn ọmọ wọn á máa rìn lábẹ́ awọ títí wọn á fi dé inú ojú.

"Láti ọjọ́ yìí ni wọ́n ń gbé inú mi? Ayálégbé tí kì í san owó ilé! Nọ́ọ̀sì, kì í ṣe èpè?"

"Eṣinṣin kò mọ èpè, Màmá."

Ọkọ mi wúkọ́. "Ẹni tó wá ń wẹ̀ nínú odò yẹn ní àràárọ̀ ńkọ́?"

"Ta ló rán an níṣẹ́ burúkú bẹ́ẹ̀?"

Mo gbọ́ tí ọkọ mi ń rọra họ apá.

Mo wá bi wọ́n léèrè ohun tí mo bá wá. Dókítà fúnra rẹ̀ ló dá mi lóhùn, ní Yorùbá: "Màmá, ojú tó ti lọ, kò ní padà mọ́. Oògùn máa pa àwọn aràn náà, kí wọ́n má ṣe ba nǹkan jẹ́ ju báyìí lọ."

Mo fọwọ́ kan ojú ọ̀tún, mo fọwọ́ kan ti òsì. Mo ní, "Ẹ ṣeun, dókítà. Ẹ kò ní kí n kúnlẹ̀."

Oògùn náà mú kí ara yún mi bíi pé ìjàlọ ń ṣe ìpàdé lára mi, ṣùgbọ́n mo lò ó. Ọjọ́ ìkórè pé. Wọ́n ti mú ìyá náà wá, wọ́n fún un ní àga níwájú. Ó ń gbádùn ara rẹ̀. Láti ìgbà tí ojú mi ti fọ́ ni àwọn ènìyàn ti ń kúnlẹ̀ kí i lójú ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó láyà láti kọ epo rẹ̀, t'omi-t'omi. Ọkọ mi mú mi dé iwájú rẹ̀. Mo nàró gbagidi.

"Ẹ kú ìkórè, gbogbo ilé. Eṣinṣin etí odò ló fọ́ mi lójú, dókítà rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá yìí máa lọ sílé. Kò lágbára kankan."

Ariwo ta. Ohùn ìyá náà ló ga jù.

"Ta ni kò lágbára?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá. Ẹ kò fọ́ ojú ẹnikẹ́ni rí láyé yín."

"O tún bú mi! Ẹ gbọ́ o, ó tún bú mi!"

Bó ṣe ń pariwo ni mo gbọ́ èékánná lára awọ gbígbẹ, kára, kára, kára. Mo mọ ohùn yẹn. Ó ti bá mi sùn, ó ti bá mi jí.

"Ìyá, ara ń yún yín."

Èékánná náà dúró.

"Ó ti pẹ́?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Ojú ńkọ́?"

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, n kì í rí ọ̀nà dáadáa mọ́."

Mo kọjú síbi tí mo rò pé àwọn àgbà ilé ọkọ mi wà. Mo ní, "Ẹ ní èmi bú ìyá yìí ni ojú mi fi fọ́. Ta wá ni ìyá yìí bú?"

Ọkọ mi ló gbà á sọ, èèyàn jẹ́jẹ́ yẹn, pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí: "Ìyáa wọn kò ní lọ síbì kankan."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọkọ̀ lọ Àkúrẹ́, èmi, ọkọ mi àti ìyá náà. Ojú tirẹ̀ kò tíì lọ tán. Oògùn bá díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ń gbé epo wá fún mi nílé, kí n má baà dé etí odò mọ́. Mo máa ń ki ìka bọ̀ ọ́, mo máa ń fi pa àtẹ́lẹwọ́.

Omi ṣì wà nínú ẹ̀. Mo sì ń sọ fún un.