Ọjọ́ Tí Mo Dógò Ti Olówó Èlé

Àgbàlagbà ni, "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é. Mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn ń yáni lówó èlé ní Aké nígbà tí mo jẹ́ aránṣọ ọ̀dọ́, orí máṣìn mi sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún odindi ọdún kan ó dín ọjọ́ méjì.

Ọkọ mi ló já bọ́ lórí lọ́rì ní Ìtòrí, itan rẹ̀ kán, ọsibítù ń bèèrè owó. Mo lọ yá ọ̀ọ́dúnrún náírà. Ọgbọ̀n náírà ni èlé rẹ̀ lóṣooṣù. Ó ní kí n tú orí máṣìn mi wá kí òun fi ṣe ìdógò. Ẹsẹ̀ máṣìn nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi nílé, bóyá kí n máa fi ṣe tábìlì. Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ. Kì í gba ààbọ̀ owó: yálà o san gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tàbí o máa san èlé lọ. Bí ọdún bá sì pé tí o kò tíì san án, máṣìn di tirẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni mo fi ń rán ṣòkòtò iléèwé fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni mo fi san èlé. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Mo ti san ọ̀ọ́dúnrún, mo sì tún jẹ ọ̀ọ́dúnrún!

Inú ọdún yẹn náà ni mo bímọ. Lọ́jọ́ ìkómọ, olówó èlé wá. Ó jẹun, ó mu, ó bá wa ṣe àmín. Ìgbà tó ṣe tán, ó ki ọwọ́ bọ inú abọ́ omi tí àwọn èèyàn ń sọ owó sí fún ọmọ mi, ó kó gbogbo rẹ̀, omi ń ro tótó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Èlé oṣù yìí nìyí, ó ku náírà mẹ́ta." Lójú àwọn àna mi o! Ọkọ mi fi ọ̀pá ìtilẹ̀ ti abíyá, ó ń wo ilẹ̀. Àwọn kan gbàdúrà lọ́jọ́ yẹn. Èmi búra.

Tíṣà kan tí mo ń ránṣọ fún ló jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Adigbẹ. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn ń wá èèyàn: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ìlọ́po méjì owó tó bá kó sílẹ̀ ni àwọn máa yá a, oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ kò sì ní èlé rárá.

"Ìyàwó, má fi owó wa ra aṣọ o," ló wí. "Fi san ti ẹni tó ń fi ọ́ jẹun yẹn. Gbèsè ṣì ni, ṣùgbọ́n kò ní máa jẹ ọ́ lẹ́ran mọ́. Oṣù mẹ́rin lo ní. Má sùn."

Èésú tí mo ń dá kàn mí lákòókò náà, àádọ́jọ náírà. Mo kó o fún ẹgbẹ́, wọ́n ka ọ̀ọ́dúnrún fún mi. N kò sì sùn lóòótọ́, nítorí mo san tiwọn tán kí oṣù karùn-ún tó wọlé, kọ́bọ̀ kan kò gorí rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ọdún pé nígbà tí mo gbé ọ̀ọ́dúnrún náà àti èlé tó kù lọ sílé olówó èlé. Ayálégbé rẹ̀ ní ó ti lọ sí Èkó. Lọ́jọ́ kejì, ayálégbé náà ní ó ń sùn. Lọ́jọ́ kẹta, ara rẹ̀ ò yá, bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ní yàrá. Àṣé ó fẹ́ kí ọdún pé mọ́ mi lọ́wọ́ ni! Olówó ń sá fún owó, ẹ gbà mí!

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, bí onígbèsè bá ń yọ́ rìn, olówó á rán ológò lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ológò á máa jẹ oúnjẹ rẹ̀, á máa bú u, kò ní dìde títí yóò fi san. Mo ní kò burú, èmi onígbèsè ni yóò dógò ti olówó. Lọ́jọ́ kẹrin, mo pọn ọmọ mi lọ, mo tẹ́ ẹní dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo kó owó sínú àwo, mo figbe ta: "Ẹ̀yin ará Aké, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́! Mo gbówó wá, ó lóun ò gbà!"

Èrò pé. Mo wọ ilé ìdáná rẹ̀, mo bu ẹ̀kọ rẹ̀ mu. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde, ó kí mi, ó bá mi gbé ọmọ mi tó ń sunkún, ó pọ̀n ọ́n títí ó fi sùn. Àwọn obìnrin mẹ́ta tó jẹ ìyá rẹ̀ lówó bi mí níbo ni ẹgbẹ́ Adigbẹ náà wà. Mo júwe rẹ̀ ketekete, mo sì gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà ní yàrá lè gbọ́. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó jáde. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì.

"O dójú tì mí," ló wí.

"Ẹ kú owó kíkà, mà. Máṣìn mi dà?"

Mo kọjá lára rẹ̀, mo wọlé. Ó ti de orí máṣìn mi mọ́ ẹsẹ̀ máṣìn mìíràn, aṣọ ìgbéyàwó funfun sì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, apá kan ti parí, ìkejì kù. Ó ti gbà pé tòun ni, ó sì ti háyà aránṣọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yẹn ló máa ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Ọmọ yẹn kúnlẹ̀, ọmọ mi ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá mi parí apá yìí."

Ìyá rẹ̀ náà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò pè mí ní "ẹ": "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa."

Mo mọ̀ pé ọmọ náà kò ṣẹ̀ mí. Mo gba ọmọ mi lẹ́yìn rẹ̀, mo pọ̀n ọ́n, mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé òwú tó so aṣọ náà mọ́ abẹ́rẹ́, mo tú orí máṣìn mi lọ sílé.