Àǹtí Tó Wá Yẹ Ilé-Ìwé Wa Wò

Títí dòní, bí mo bá rí ẹni tó bọ́ bàtà nínú koríko, Àǹtí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ eré sísá àwọn ilé-ìwé girama nígbà náà. Bí ilé-ìwé kan bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́, á fi ẹsẹ̀ lásán rin pápá wọn yí ká, á wá ní, "Ẹ jẹ́ kí n rí àwọn ọmọ."

Àwa ọmọ ilé-ìwé Àgùdà kò ní pápá. Nígbà tí Àǹtí dé ọ̀dọ̀ wa, ọkùnrin tó bá a wá sọ fún ọ̀gá wa pé, "Mà, ẹ ò tíì tó wọ ẹgbẹ́."

Ọkàn wa bàjẹ́. Àǹtí yíjú sí wa.

"Níbo lẹ ti ń sáré?"

"Ojú títì ni, mà, kí mọ́tò tó pọ̀ láàárọ̀."

Ó ká ìró sókè, ó bá wa sáré dé ìkóríta. Mẹ́ta nínú wa fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó ń mí hẹlẹ, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Pápá ṣeé yá," ló sọ fún ọkùnrin náà. "Irú àwọn ọmọ yìí ni kò ṣeé yá."

Wọ́n gbà wá. Akọ̀wé kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, àmọ́ níbi ìdíje wa àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá: "Ọmọ Àgùdà, má bojú wẹ̀yìn o."