Ìdógùn-ún Ara Àgbàdo

Ọdún méjìlélógún ni Nimotalahi ti ń gbin àgbàdo létí ìsédò Tanghin. Ilẹ̀ náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni opó yìí ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ló ti rí ohun tó fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ẹ wá wò ó bí wọ́n ṣe fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀!

Lọ́jọ́ Àtàláátà, Boris, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn, gun alùpùpù wá wo àwọn ewé àgbàdo tó ń yọ kókó pupa wínníwínní. Ó fi èdè Faransé ní, "C'est la rouille," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Súbérù, olórí àwọn tó ń dáko níbẹ̀, ló sọ ara rẹ̀ di ògbufọ̀. Ẹ̀yà ara alùpùpù ló tún ń tà ládùúgbò Dapoya. Irin tó bá dógùn-ún ni wọ́n ń pè ní rouille nínú ìsọ̀ rẹ̀. Kò bi Boris pé kí ló ń wí. Ó figbe ta létí gbogbo àwọn tó wà lóko: "Ìdógùn-ún ni! Àgbá irin tí Ìyá yìí ń pọn omi sí ló kó o ran gbogbo wa. Ìyá, ẹ kúrò nílẹ̀ yìí kó tó di Jímọ̀ tó ń bọ̀!"

Wọn ò bi Nimotalahi ní nǹkan kan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà! Inú bí i débi pé kò lè sunkún. Ó já ewé kan, ó di bureau, ọ́fíìsì Boris. Nígbà tó ro ohun tí Súbérù wí fún un, ẹnu ya Boris. Ó fi èdè Dioula ṣàlàyé fún un pé àwọ̀ àrùn náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, pé kò kan irin rárá: ìran ohun tó ń hù lórí búrẹ́dì tó ti pẹ́ ni. Á yọ kókó lójú ewé àti lẹ́yìn ewé, kókó náà á bẹ́, á tú ìyẹ̀fun pupa jáde, atẹ́gùn á sì gbé e láti oko dé oko.

Bí wọ́n ṣe kírun Jímọ̀ tán, Nimotalahi bá Súbérù lóko, tó ṣì wọ aṣọ funfun tó fi kírun. Kò kí i. Ó wọ àárín àgbàdo Súbérù, èyí tó jẹ́ rọ́bà ló fi ń bomi rin ín, tí irin kankan ò sí nítòsí rẹ̀. Ó já ewé kan, ó fi nu apá aṣọ ọkùnrin náà. Ó pọ́n yòò.

"Àgbá mi ló fẹsẹ̀ rìn wá síbí?"

Súbérù wo aṣọ, ó yí ewé padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá sún mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Ìyá, ẹ má bínú. D'accord, ó dáa, ilẹ̀ yín ni. Kọ́rọ̀ náà ṣáà mọ sáàárín àwa méjèèjì."

"Àwa méjì wo? Létí mi lo ti purọ́ mọ́ mi ni? Ohùn ọjọ́ Àtàláátà yẹn dà? Òun ni kó o fi sọ ọ́!"