Irun Elésè Àlùkò Nígbà Ọdún Ìgógò

Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ tí wọ́n tún da kẹrosíìnì lé lórí. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí tí atẹ́gùn sì fẹ́ òórùn yẹn sí mi, orí mi á kọ́kọ́ yún mi kí n tó rántí ohun tó fà á. Ọmọ ogún ọdún lé díẹ̀ ni mí nígbà náà, ní ayé àwọn ológun. Mo ń kàwé ní pólì tó wà ní Ọ̀wọ̀, ìlú wa, mo sì ń gbé nílé àwọn òbí mi, lọ́dọ̀ bàbá tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àti ìyá tó jẹ́ tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdílé Áńgílíkà ni wá. Ohun tó burú jù tí mo tíì ṣe títí di ìgbà yẹn ni pé mo gé irun mi kúrú, débi pé kò ṣeé dì, kò sì ṣeé fi òwú kó, nítorí pé ohun tó wà lóde nìyẹn. Ìyá mi sunkún sí i, lẹ́yìn náà ó gbàgbé. Mo wá rò pé ojú rẹ̀ ti gbó, ó lè gba òmíràn.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Èkó tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà, ló mú páúdà tí wọ́n fi ń pa irun láró, èyí tó ń rùn bẹ́ẹ̀, wá nínú ike kékeré kan. Ó ní àwọ̀ wáìnì ni. Ó ní ní Èkó, ọmọge tí kò bá ní wáìnì lórí, ará oko ni wọ́n ń pè é. Èmi tí bàbá mi ní oko kòkó sí Upenmen, tí mo mọ ọ̀nà oko yẹn ju ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ, èmi ni n kò fẹ́ kí wọ́n pè ní ará oko. Mo jókòó sórí àpótí, mo tẹ orí ba. Kò sí èyí tó mọ bí omi rẹ̀ ṣe yẹ kó pọ̀ tó nínú àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ní ká fi í sílẹ̀ sí i kó lè mú dáadáa. Ó mú. Nígbà tí a ṣàn án tán tí mo wo dígí, kì í ṣe wáìnì ni mo rí. Elésè àlùkò ni, èyí tó ń tàn yanran, irú èyí tí bíṣọ́ọ̀bù máa ń wọ̀ wá ṣe ìgbọ́wọ́lénilórí. Ọ̀rẹ́ mi wò mí títí, ó ní, "Ó bá ẹ mu ṣá." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ká ní ìgbà mìíràn ni, ǹ bá fi ṣe ẹ̀rín rín. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Àkúrẹ́, ọmọ Òṣogbo ni, èmi àti rẹ̀ sì ti ń bá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bọ̀ ó ti pẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, n ò ní purọ́. Ìyá rẹ̀ nìkan ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú, ó sì ti sọ fún mi láìfọ̀rọ̀-bọpo-bọyọ̀ pé òun ò lè fẹ́ ìyàwó tí ìyá òun bá kọ̀. Ìyá náà kò rí mi rí. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà nílé ló ní lọ́kàn, ọmọ oníwà tútù tó máa ń wé gèlè kó tó lọ da ìdọ̀tí nù. Ọkùnrin mi bẹ̀bẹ̀ títí kí ìyá rẹ̀ tó gbà pé òun á wá wò mí, lẹ́ẹ̀kan péré. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n dá. Nítorí kí n lè wu ìyá yìí ni mo ṣe lọ pa irun láró.

Ẹni tí kò mọ Ọ̀wọ̀ á ní, kí ló wá le níbẹ̀, ṣé kò lè wé gèlè ni? Èmi náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ agogo lójúde tí mo sì rántí pé ọdún Ìgógò ti wọlé. Bí ọdún yìí bá ti wà nílùú, obìnrin ò gbọdọ̀ wé gèlè, ọkùnrin ò gbọdọ̀ dé fìlà, wọn kì í lùlù, agogo nìkan ni wọ́n ń lù. Ọba alára á dirun bí obìnrin. Àwọn àgbà ní nítorí ayaba àtijọ́ kan ni, tó fi ìbínú kúrò láàfin tí gèlè rẹ̀ sì bọ́ sọnù lọ́nà. Àwa onígbàgbọ́ pàápàá ń pa á mọ́. Ìyá mi á ká gèlè rẹ̀ sínú báàgì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ìgbà tó bá wọlé tán kó tó wé e, á sì ti tú u kó tó jáde. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ tí Ọlọ́run dá, ọ̀sẹ̀ tí kò sí orí kan tó wà lábẹ́ aṣọ ni mo lọ mú.

Ìyá mi kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí, ńṣe ló jókòó. Bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, bóyá awò ló ń purọ́. Ìyá bàbá mi tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́. Ó yí mi po, ó ní, "Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Èwo ni tìẹ nínú ẹyẹ, ìyá mi?"

Mo ní kí n dé wíìgì. Màmá àgbà ní ohunkóhun tó bá ṣeé ṣí kúrò lórí, fìlà ni, kí n má lọ kó wọn sí wàhálà láàárín ìlú. Mo ní kí n kúkú fá a. Ìyá mi ní orí fífá, ti opó ni, àbí mo fẹ́ kí obìnrin yẹn rò pé mo ti sin ọkọ kan kí n tó wá sórí ọmọ òun? Mo ní ká lọ gbàlejò nílé àbúrò ìyá mi ní Ute, níbi tí Ìgógò ò dé, kí n lè wé gèlè bí ọmọlúàbí. Bàbá mi ní òun ò ní gba àlejò ọmọ òun sórí àga ẹlòmíràn nígbà tí òun kò tíì kú. A kò ní tẹlifóònù. Bí a bá kọ létà pé kí wọ́n sún un síwájú, wọn á ti dé Ọ̀wọ̀ kí létà tó dé Òṣogbo. Ló bá ku fífọ̀. A fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, a fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ìyá mi tilẹ̀ fi kẹrosíìnì ra á. Gbogbo ìdọ̀tí orí mi ló lọ. Àlùkò náà wá mọ́ tónítóní, ó ń dán.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni ìyá mi dìde lójijì bí ẹni tó ríran. Gbogbo ẹni tó lọ ilé-ìwé lágbègbè wa ló mọ bí a ṣe ń tún bọ́ọ̀dù kùn bó bá ti ṣá. A ó gún ẹ̀ẹ́dú kúnná, a ó gún ewé ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn, a ó fi kànìnkànìn pa á mọ́ ara pátákó, yóò sì dúdú kirikiri. Iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ni lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wọlé sáà tuntun, ìyá mi ló sì ń kọ́ wọn. Ó ní bọ́ọ̀dù tí òun kùn ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kì í ṣá títí sáà á fi parí. Inú gbogbo wa dùn. Láàárọ̀ Sátidé, ó kùn mí lórí bí ẹni pé alábẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀, ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún dán, mo sì wo dígí, mo rí irun dúdú. Ìyá mi ni ó kàwé jù nínú ilé wa, èmi ni mo tẹ̀ lé e, síbẹ̀ kò sí èyí tó rántí pé bọ́ọ̀dù kì í làágùn.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé, iná sì ti lọ. Ọkùnrin mi ló kọ́kọ́ wọlé, ojú rẹ̀ ti fún. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn, obìnrin gíga, aṣọ òkè lára rẹ̀, gèlè tó bá a mu wà ní kíká lábẹ́ abíyá rẹ̀. Àkúrẹ́ ni ọmọ rẹ̀ ń gbé, kò mọ nǹkan kan nípa èèwọ̀ wa, kò sì sọ fún un. Ní gáréèjì ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń lu agogo ti pàdé rẹ̀, wọ́n sì rọra ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tú gèlè." Ó kọ̀. Dírẹ́bà tó gbé wọn wá ló bẹ̀ ẹ́ kó tó tú u lójú gbogbo èrò. Irun iwájú orí rẹ̀ ti tán dé àárín, awọ orí ń dán, ìwọ̀nba tó kù lẹ́yìn sì funfun bí òwú.

Ó jókòó, ó fi ọwọ́ bo iwájú orí bí ẹni tí orí ń fọ́. Màmá àgbà kí i kú ìrìn, ó ní kó má bínú sí Ọ̀ghọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ilé wa ṣe ń pe ìlú náà, ó ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Obìnrin náà dáhùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. Èmi wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo rí bó ṣe di ẹnu rẹ̀. Ẹni tí ìlú wa dójú tì báyìí, kí ló fẹ́ fi ọmọ ìlú náà ṣe? Ẹ̀rù tó bà mí yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Wọ́n ní kí n gbé omi wá. Mo kúnlẹ̀, mo gbé tíréè sókè, mo ní, "Ẹ kú àbọ̀, Màmá." Nǹkan kan já sínú omi náà. Ó dúdú. Òmíràn tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ó ń ṣàn gba ẹ̀bátí mi lọ sórí kọ́là búláòsì funfun mi, ṣùgbọ́n tíréè ló wà lọ́wọ́ mi méjèèjì. Ogún ọdún ni wọ́n ní irọ́ lè rìn kí òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan, tèmi ò tilẹ̀ rìn dé ẹsẹ̀ àga àlejò. Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò níwájú orí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó fi ìka kan nu ẹ̀bátí mi, ó wo ìka náà, ó tún wo ibi tó ti nu kúrò.

"Kí lẹ fi kun ọmọ yín lórí?"

Bàbá mi kò mọ irọ́ í pa, wàhálà rẹ̀ níbi iṣẹ́ nìyẹn. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́dú ni, Mà. Ẹ̀ẹ́dú àti ewé ẹ̀gẹ́. Ìyá rẹ̀ ni. Tíṣà ni."

"Kí ló wá wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Elésè àlùkò ni, Mà," ni mo wí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn màmá àgbà lórí àga.

Obìnrin náà dìde. Ó ní kí wọ́n bu omi sínú ike fún òun, kì í ṣe ti mímu. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó káṣọ sókè, ó tẹ orí mi ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń fọ orí ọmọ ọwọ́. Ó ní ewú yọ lórí òun lọ́dún tí bàbá ọmọ òun kú, òun sì ń fi aró dúdú pa á kí ojú ọmọdé tí òun ń tọ́ má bàa rí i pé òun ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní aró náà ń yún òun, òun ò jáwọ́, títí ó fi kó irun iwájú lọ. Ó ní, "Ọmọ mi ò mọ bí orí mi ṣe rí. Ní gáréèjì yẹn ló rí i. Ó kọjú sí ọ̀nà ibòmíràn, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá dírẹ́bà." Ó da omi lé mi lórí, ó ní, "Má fi nǹkan kan sí i mọ́. Jẹ́ kó hù, kí o gé e."

Nígbà tí a padà wọlé, kò fi ọwọ́ bo orí mọ́. Ó wo bàbá mi, ó ní, "Mo fara mọ́ ọn. Ọmọ tí irọ́ rẹ̀ ò lè pẹ́ tó omi tí wọ́n ń gbé fún àlejò, kò lè fi irọ́ tú ilé ọmọ mi ká. Èyí tí mo ní nílé, n ò tíì rí abẹ́ gèlè rẹ̀ rí." Bàbá mi dúpẹ́, ojú sì ń tì í, nítorí kò mọ̀ bóyá wọ́n yìn wá ni tàbí wọ́n bú wa.

Bí mo ṣe rí ọkọ nìyẹn. Ọkọ mi gbà títí di òní pé ẹ̀bẹ̀ tí òun bẹ ìyá òun ló ṣe iṣẹ́ náà, mi ò bá a jiyàn. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé obìnrin tó gbà mí nítorí pé irọ́ mi ò pẹ́, tirẹ̀ pẹ́. Ọjọ́ kejì ló ti wé gèlè rẹ̀ padà, kò sì tún ṣí i níwájú ọmọ rẹ̀ mọ́. Nígbà tó darúgbó tó wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, èmi nìkan ló ń fọ orí rẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, èmi ni mo sì ń wé gèlè rẹ̀. Mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ ti rí i tipẹ́. Á ní bó bá rí i, ó ti gbàgbé, kí n fà á síwájú dáadáa.

Ilé wa ló kú sí, ní àárọ̀ kan. Mo fọ ojú rẹ̀, mo fọ ìwọ̀nba irun ẹ̀yìn tó kù. Ọkọ mi kan ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ ti wúwo, ó ní ṣé òun lè wọlé wá wo ìyá òun. Mo ní kó dúró díẹ̀. Mo mú gèlè, mo wé e, mo fà á síwájú títí ó fi kan ìpéǹpéjú, lẹ́yìn náà ni mo ní kó máa wọlé.