Wọ́n Ti Gé Ọkọ̀ Vlasta Kúrú

Bí ẹnikẹ́ni bá tún wá sí ẹnu ọ̀nà mi láti sọ pé pikọ́ọ̀pù Vlasta Kudrna ti lẹ́wà, ìgbálẹ̀ ni n óò fi lé e. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún pásítọ̀, mo sì ti sọ ọ́ fún ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà. Ẹwà kọ́, ẹ̀wà ni!

Ìyàwó ilé kan náà ni èmi àti Vlasta. Ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ ẹ, àbúrò ló fẹ́ èmi Albina, àwọn ọkọ wa méjèèjì sì ti wà ní itẹ́ òkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Oko rẹ̀ ló bá tèmi pààlà, lẹ́bàá odò Loup ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà níbí, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń pè é ní ìyáálé mi, òun náà ò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Obìnrin kúkúrú ni, ó le koko bí ọta, kì í sì í pariwo. Èmi ni mo máa ń pariwo fún àwa méjèèjì.

Ọkọ̀ tí mò ń wí yìí, bàbá ọkọ wa ló rà á ní tuntun, kí wọ́n tó bí Darrel, ọmọ kan ṣoṣo tí Vlasta ní. Kì í ṣe irú pikọ́ọ̀pù tí ẹ ń rí lójú títì. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn débi pé ẹni tó ga jù nínú ìjọ wa lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kó tún na apá. Táyà ẹ̀yìn kò yọrí sínú bọ́dì rárá, ìta ló wà, irin tó wú ló bò ó, nítorí náà inú bọ́dì lọ tààrà bí inú àpótí, ìdì koríko á sì tò síbẹ̀ gbágbáágbá. Láàrin ilẹ̀kùn awakọ̀ àti táyà ẹ̀yìn, àtẹ̀gùn irin kan wà ní ẹ̀gbẹ́, ó fẹ̀ tó ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró. Orí àtẹ̀gùn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò sì sí mọ́. Ẹ lọ wá a. Àwọn tó gùn bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ oko ló pa wọ́n. Wọ́n fi wọ́n ru àlìkámà, wọ́n fi wọ́n ru òkúta àti ẹlẹ́dẹ̀, títí ìpẹtà fi jẹ wọ́n tán. Díẹ̀ tó ṣẹ́kù, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣe fàájì ní ìlú ńlá ń gé e, wọ́n ní kúkúrú ló wu ojú. Ẹ gbọ́ ná! Ènìyàn ní ohun tó gùn, ó tún sanwó kí wọ́n bá òun gé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Vlasta ṣe ń lò ó. Wọ́n ti fi irin rọ́pò eegun ìbàdí rẹ̀, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ gun ohun gíga. Ṣùgbọ́n tí yìnyín bá bo ilẹ̀, màlúù ò ní nǹkan jẹ àfi ohun tí ènìyàn bá gbé fún wọn. Koríko á já láti òkè àká sínú ọkọ̀. Vlasta á wa ọkọ̀ dé àárín pápá, á ki í sí jíà tó lọ́ra jù, á wá fi í sílẹ̀ kó máa rọra wọ́ lọ láìsí ẹni tó di sítíárìn mú. Á jáde láti ẹnu ilẹ̀kùn, á gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn yẹn láìkan ilẹ̀, á fara ti bọ́dì, á gé okùn ìdì koríko, á máa dà á sílẹ̀. Àwọn màlúù á tò tẹ̀ lé e. Gbogbo àwa àgbà ibí la ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa rò pé àlọ́ ni.

Iṣẹ́ adójútòfò ni Darrel ń ṣe nílùú. Ní ọdún tó kọjá, ó wá jókòó sí tábìlì ìyá rẹ̀, ó ń jẹ kolache, búrẹ́dì aládùn tí èso wà láàrin rẹ̀, tí Vlasta máa ń yan.

"Màmá, ẹ ti dàgbà. Ilé àwọn àgbàlagbà tó wà nílùú, yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní tẹlifíṣọ̀n."

"Ṣé màlúù wà níbẹ̀?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ o!"

"Gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ tí mi ò bá lè bọ́ màlúù mi fúnra mi mọ́, kó páálí wá, màá tẹ̀ lé ọ láìjanpata. Kó tó di ọjọ́ yẹn, má dárúkọ ilé yẹn létí mi mọ́."

"Ṣé ẹ ṣèlérí?"

"Mo ti sọ ọ́. Albina gbọ́."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ìyáálé mi kì í yẹ àdéhùn, ìwà yẹn gan-an ló sì máa ń bí mi nínú.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Darrel wá gbé ọkọ̀ lọ, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n tún bíréèkì ṣe. Bíréèkì tó yẹ kí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan! A retí retí. Bí Vlasta bá pè é lórí fóònù, yóò ní, "Ẹ ní sùúrù, Màmá, inú yín máa dùn." Ọjọ́ àjọ̀dún ìkórè la tó rí ọkọ̀ náà. Gbogbo ìlú tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, Darrel sì yọ láàrin àwọn onífèrè àti ẹlẹ́ṣin, ó ń wa pikọ́ọ̀pù pupa kan tó ń dán gbinrin. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà ti gbé ọwọ́ sókè kí n tó ríran dáadáa.

"Yéè! Wọ́n ti gé e!"

"Màmá, ẹ wò ó!" Darrel bọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó gba ipò kìíní. "Wọ́n gé ṣáásí, wọ́n gé bọ́dì, wọ́n jó o padà, ẹ ò lè mọ ojú ibi tí wọ́n ti jó o. Kúkúrú ló ń jayé báyìí!"

Vlasta rìn yí ọkọ̀ náà ká. Ó gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló gbà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti gé e.

"Ó pupa," ló wí. "Ó pupa gan-an ni."

"Ẹ má di koríko síbẹ̀ o, Màmá, á ha pákó tuntun tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀."

"Kí ni ká wá dì síbẹ̀, Darrel?" ni mo bi í. "Àdúrà?"

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo ní, "Ìyáálé mi, ọmọ yín mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó gé ọkọ̀ kó lè rí yín kó lọ sílé àwọn àgbàlagbà."

"Darrel ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀."

"Nígbà náà ẹ sọ fún un!"

"Ìfẹ́ ló fi ṣe é, Albina. Kí ni kí n sọ?"

Ẹ ò rí i pé ìfẹ́ òmùgọ̀ burú ju ìkórìíra lọ? Ẹni tó kórìíra ẹ, o lè sọ òkò lù ú.

Ẹ ó ní kó ra òmíràn. Ti òde òní ga dé igbá àyà rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dán bọ̀rọ́, kò sí ibi tí ènìyàn máa tẹ̀. Ẹ ó ní kí n bá a bọ́ àwọn màlúù. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní bíbọ́ wọn fúnra òun ni òun sọ fún Darrel. Ni mo bá ń gbé e kiri gbogbo ibi tí wọ́n ń kó àlòkù ọkọ̀ sí. Èyí tó gùn ti jẹrà, èyí tí kò jẹrà ti di gígé. Ìkan ṣoṣo tó dáa, ti Bohumil ni, bàbá arúgbó kan tó ń dá gbé lójú ọ̀nà ìlú Ord. A ò tíì pa ọkọ̀ wa tó fi jáde.

"Kì í ṣe títà!"

"A ò tíì kí yín!" ni mo dáhùn.

"Ẹ kú ọ̀sán. Kì í ṣe títà. Gbogbo ará ìlú ńlá tó bá wá wò ó ló ń mú téèpù ìwọ̀n dání, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa gé."

Ó fún wa ní kọfí. A mu ún pẹ̀lú ìbínú, nítorí òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ já, igbe màlúù ni mo gbọ́ láti ilé mi. Mo sáré. Vlasta jókòó sínú yìnyín, ó fẹ̀yìn ti táyà, kéréètì wàrà tó fẹ́ gùn dípò àtẹ̀gùn sì dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, eegun kankan ò kán.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ló wí. "Pe Darrel. Ní kó kó páálí wá."

Mo pè é, mò ń sunkún, mo sì ń ṣépè fún ọ̀dà pupa.

Darrel dé pẹ̀lú páálí rẹ̀ àti bàtà ọ́fíìsì. "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ gbà. Ẹ ò ní kábàámọ̀."

"Ta ló gbà?" Mo ti fò dìde. "O gé ẹsẹ̀ ìyá rẹ, o fi ọ̀dà kùn ún, o tún wá ń dúpẹ́!"

"Ẹsẹ̀ wo, Àǹtí Albina?"

"Ó tó, Albina," ni Vlasta wí. "Darrel, kí o tó di ẹrù mi, lọ bọ́ àwọn màlúù. Ebi ń pa wọ́n."

Ó wa ọkọ̀ pupa náà dé pápá, ó ki jíà, ó jáde láti ẹnu ilẹ̀kùn bó ṣe rí ìyá rẹ̀ tó ń ṣe é nígbà èwe rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá àtẹ̀gùn, kò rí i, ó sì ṣubú gbì. Ọkọ̀ ń wọ́ lọ, àwọn màlúù ń tẹ̀ lé koríko wọn, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ó sáré bá a, ó tún gbìyànjú, ó tún ṣubú. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ó pa ọkọ̀, ó wo ìyá rẹ̀ tó fara ti ọgbà.

"Màmá, ibo lẹ máa ń tẹ̀?"

Vlasta rọra rìn wá, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan irin pupa tó bo táyà. "Níbí."

"Táyà ló wà níbí, Màmá."

"Mo mọ̀."

Darrel wo ibẹ̀ títí. Ojú rẹ̀ pọ́n, mi ò sì mọ̀ bóyá òtútù ni. Vlasta yí padà sí ọ̀nà ilé. "Ẹrù mi ò pọ̀. Ọ̀rọ̀ mi lọ̀rọ̀ mi."

"Màmá, ẹ dúró. Èmi ni màá máa bọ́ wọn."

"Láràárọ̀?"

"Láràárọ̀. Títí màá fi rí irú ọkọ̀ yẹn rà fún yín. Ẹyọ kan tó gùn, kò lè ṣòro rí."

Mo rántí Bohumil, mo sì bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ẹ̀ẹ̀rùn. Vlasta ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Darrel kó páálí rẹ̀ padà, kó sì mú bàtà oko wá lọ́la.