Aṣọ Ìsàlẹ̀ Báàgì

Bí mo bá ti gbóòórùn kafúrà nínú àpótí aṣọ mi, ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́nà Òkè-Bùkún ló máa ń padà sí mi lọ́kàn. Èmi àti Ìyá àgbà ń lọ sí Kàbbà, báàgì rẹ̀ wà lórí itan mi, ni àwọn ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ wa dúró.

Ìyá àgbà kí wọn, “Okun o.” Ọ̀kan nínú wọn gba báàgì náà.

“Kí ló wà níbí?”

“Aṣọ mi ni, ọmọ mi.”

Ọlọ́pàá náà tú u dé ìsàlẹ̀, òórùn kafúrà sì gba gbogbo ibẹ̀. Ó fa aṣọ tí Ìyá àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ hun jáde, ó gbọ̀n ọ́n wò, ó sì jù ú sórí iyanrìn gbígbóná. Mo rò pé torí pé aṣọ náà dọ̀tí ni Ìyá àgbà ṣe kúnlẹ̀ tó ń gbọ̀n ọ́n léraléra kó tó ká a.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òfin ilẹ̀ wa dáàbò bo ohun ìkọ̀kọ̀ ẹni, títí kan ti arúgbó.

Nínú ọkọ̀, mo bi í léèrè ọjọ́ tí yóò ró aṣọ náà. Ó ṣì ń gbọn iyanrìn kúrò lára rẹ̀.

“Èmi kọ́ ni n ó ró o,” ó ní. “Òun lẹ ó fi sin mí.”